Ta Ló Ránṣẹ́ Pe Gómìnà?

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun ń gbọ́ ìròyìn ogun Sudan, òun ń gbọ́ ti Líbíà, òun sì ti kíyè sí i pé bí ọmọ ìyá méjì bá ti ń bá ara wọn jà, kì í pẹ́ tí orúkọ orílẹ̀-èdè kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún á fi wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: ṣé àwọn àjèjì yìí máa ń jálẹ̀kùn wọlé ni, àbí àwọn onílé ló ń ṣílẹ̀kùn fún wọn?

Onímọ̀ èdè ni mí o, èmi kì í ṣe òpìtàn. Ṣùgbọ́n ogun kan wà tí mo ti ń ka ìwé nípa rẹ̀ láti bí ogójì ọdún, torí inú àwọn ìwé náà ni mo ti ń ṣa ọ̀rọ̀ Yorùbá ayé ọjọ́un jọ. Ogun Kírìjì ni, èyí tí gbogbo wàhálà rẹ̀ gbà láti 1877 títí di 1893. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àjèjì ṣe ń wọ ogun abẹ́lé, ẹ ò nílò láti rìn jìnnà. Ó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa.

Àwọn àgbà ní bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ òwe yẹn kò sọ gbogbo rẹ̀ tán. Nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ogiri lanu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún wá ẹni tó mọ̀wé, ó ní kó bá òun kọ lẹ́tà sí aláǹgbá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya Èkó ná, torí ibẹ̀ ni àpẹẹrẹ tó kúrú jù wà. Akíntóyè jọba lÉkòó ní 1841. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ogun lé e kúrò. Ìjà oyè lásán ni, irú èyí tí ìdílé ọba ń jà níbi gbogbo. Akíntóyè dé Àgbádárìgì, ó bá àwọn àlùfáà ìjọ àti àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ó ní bí wọ́n bá dá òun padà sórí oyè, òun yóò fòpin sí òwò ẹrú lÉkòó. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní Oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, Kòsọ́kọ́ sá lọ, Akíntóyè padà sílé. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kẹjọ 1861, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ ń fọwọ́ sí ìwé mìíràn tó gbé Èkó pátápátá fún ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́wàá péré. Ẹni tí a pè wá bá wa lé ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni lọ ló wá di onílé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà òkè lọ.

Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́ tú ká, ìlú àwọn jagunjagun kan dìde tó ń jẹ́ Ìbàdàn. Ìbàdàn ló dá Ìlọrin dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, òun ló fọ́ Ìjàyè ní 1862, òun náà ló kó Iléṣà ní 1870. Ìlú tí Ìbàdàn bá ṣẹ́gun, wọ́n á fi ajẹ́lẹ̀ sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú: ajẹ́lẹ̀. Òun ni ojú àti etí olóyè Ìbàdàn nínú ìlú ẹni ẹlẹ́ni. Òun ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, òun ló ń gbọ́ ẹjọ́ tí kò kàn án, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń mú ewúrẹ́ àti adìyẹ tí wọn ò rà. Nílẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀mí gbogbo ènìyàn ti gbóná sí ajẹ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yọ idà. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí yọ tirẹ̀, ó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Ìlú kan tẹ̀lé òmíràn. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n pe àpapọ̀ náà ní Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà sì di olórí ogun wọn.

Wàhálà mìíràn ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Ìbọn ni wọ́n fi ń jà, ìbọn kì í sì í jẹ àgbàdo. Ẹ̀tù ló ń jẹ, ẹ̀tù sì ń wá láti etí òkun. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló jókòó sí àárín ọ̀nà, àwọn ló ń ṣí bodè, àwọn ló ń tì í. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà tó jẹ́ olórí Ìbàdàn rán ènìyàn lọ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Ẹ̀gbá kọlù wọ́n lójú ọ̀nà. Látòósà dìde sí Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá, bodè sì di títì pa.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀. Àwọn tó ń kọ ìtàn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àjèjì nínú ogun yìí láti ọjọ́ tí òyìnbó kọ́kọ́ fara hàn ní bùdó. Tèmi yàtọ̀. Lójú tèmi, àjèjì ti wà nínú ogun náà láti ọjọ́ kìíní, nínú àpò ẹ̀tù. Kò tíì fẹ́ nǹkan kan, kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú àwọn tó ń jà tó lè jà ju oṣù díẹ̀ lọ bí ọ̀nà etí òkun bá dí mọ́ ọn pátápátá. Ẹni tí kò lè ṣe ohun ìjà ara rẹ̀ ti so okùn mọ́ ọrùn ara rẹ̀, ẹlòmíràn ló sì di ìdí okùn náà mú.

Lẹ́yìn ẹ̀tù ni àwọn ọmọ wá nídàálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ló wà lÉkòó nígbà náà. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì já gbà, tí wọ́n gba Sàró padà wálé. Àwọn kan jẹ́ Àgùdà tó ti ṣe ẹrú ní Brazil kí wọ́n tó padà. Philip Jose Meffre wà lára àwọn ti Brazil, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lÉkòó, wọ́n pe òun náà ní Èkìtìparapọ̀. Wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń dáwó, owó tí wọ́n dá sì ń di ìbọn. Kì í ṣe ṣakabùlà tí gbogbo ènìyàn ní o. Ìbọn tuntun tí a ń ki ọta sí láti ìdí ni wọ́n fi ránṣẹ́, irú Snider àti Martini-Henry tí àwọn sọ́jà ọbabìnrin fúnra wọn ń lò. Ọ̀nà Oǹdó ni wọ́n gbé e gbà. Gómìnà Glover ló sì tún ọ̀nà yẹn ṣí ní nǹkan bí 1872, kí òwò lè kọjá láìfi ti oníbodè Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ṣe. Ọ̀nà tí wọ́n ṣí fún epo pupa ni ìbọn ń gbà lọ.

Ìyẹn ló bí orúkọ ogun náà. Kírìjì kì í ṣe orúkọ ìlú, kì í ṣe orúkọ òkè. Ìró ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi jókòó nínú kíláàsì ọ̀rọ̀ àfarawé-ìró á rántí pé mo máa ń sọ pé ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ tó wá ìtumọ̀ rẹ̀: ki-ri-ji, ohùn òkè kan, ohùn ìsàlẹ̀ méjì, bí ìbọn tó dún ní góńgó òkè tí ìró rẹ̀ sì ń yí gbirigbiri lọ sí àfonífojì láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìró ìbọn tuntun wọ̀nyẹn ni etí àwọn ènìyàn gbọ́, òun ni wọ́n sì fi sọ ogun náà lórúkọ. Nínú gbogbo orúkọ ogun tí mo mọ̀ ní èdè wa, èyí nìkan ni mo lè pè ní orúkọ tí ọjà ilẹ̀ òkèèrè fún wa, tí a sì fi ohùn Yorùbá kọ.

Ìbọn tuntun dá Ìbàdàn dúró, kò sì lé e lọ. Ìbàdàn ń bá Èkìtìparapọ̀ jà, ó ń bá Ìlọrin jà, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ìsàlẹ̀, Ifẹ̀ náà tún dìde sí i nígbà tó yá. Ogun iwájú, ogun ẹ̀yìn. Bùdó méjèèjì di ìlú: wọ́n kọ́lé, wọ́n dáko, wọ́n bímọ síbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè borí, kò sì sí ẹni tó lè kọ́kọ́ padà sílé, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ yíjú padà ni wọ́n máa gba ẹ̀yìn bá.

Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn máa ń wá ẹlòmíràn. Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ní kí Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ CMS ní Ọ̀yọ́, bá òun kọ lẹ́tà sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lÉkòó. Ohun tó bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí òyìnbó dá sí ọ̀rọ̀ náà kí ogun lè tán. Johnson yìí kan náà ló wá kọ ìwé ìtàn Yorùbá ńlá nì, tó parí ní 1897, tó sọnù lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Obadiah àbúrò rẹ̀ tún un kó jọ, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Kí ló dé tí Aláàfin fi pè wọ́n? Ojú àánú wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Ìbàdàn tó yẹ kó máa sin Ọ̀yọ́ ti lágbára ju Ọ̀yọ́ lọ. Lórúkọ, Aláàfin ni bàbá. Lójú ogun, Látòósà ni ọkọ. Onílàjà láti òkè òkun tó bá lè dín Ìbàdàn kù díẹ̀, tó sì lè fi Aláàfin sípò olórí àwọn ọba, kò ní burú lójú ààfin. Ìbàdàn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì fi gbogbo ọkàn gbẹ́kẹ̀ lé e. Mo ń sọ èyí torí pé nígbà tí a bá gbọ́ pé ẹnìkan pe àjèjì wá parí ìjà, ó yẹ ká bèèrè ohun mìíràn tó fẹ́ kí àjèjì náà bá òun parí.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó jẹ mọ́ iṣẹ́ tèmi. Àwa lónìí ń pe Kírìjì ní ogun abẹ́lé, torí pé lójú tiwa Yorùbá ni gbogbo wọn. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà Yorùbá kò tíì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ fún. Àwọn Sàró àti àwọn ìjọ, pẹ̀lú Bíbélì àti ìwé kíkà wọn, ni wọ́n fẹ̀ ẹ́ títí tó fi kó Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú pọ̀. Ẹ wá fi ara yín sípò ará Iléṣà kan ní 1878. Ta ni àjèjì lójú rẹ̀? Òyìnbó kan tó wà lÉkòó, tí kò rí rí, àbí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tó wà ní òdìkejì òpópó, tó gbé ewúrẹ́ rẹ̀ lánàá? Ìdáhùn mi sí akẹ́kọ̀ọ́ mi bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn fẹ́ràn àjèjì. Aládùúgbò ti di àjèjì ju àjèjì lọ ni.

Òyìnbó kò tilẹ̀ sáré wá. Èyí máa ń ya àwọn kan lẹ́nu. Láti 1865 ni ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ti dá a lábàá pé kí wọ́n má ṣe fẹ ilẹ̀ wọn sí i mọ́ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Owó ni wọ́n ń wò. Nígbà tí ìwé Aláàfin dé, tí oríṣiríṣi ìkọ̀ sì tún dé lẹ́yìn rẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù kò fẹ́ kí aṣojú ìjọba wọ inú ilẹ̀ lọ, kò sì fẹ́ ṣe onídùúró fún àlàáfíà kankan. J. B. Wood ti CMS lọ sí bùdó ní 1884 àti 1885, ó gbìyànjú, kò rí i ṣe. Látòósà kú sí bùdó ní 1885, ogun kò tán síbẹ̀.

Kí ló wá yí wọn lọ́kàn padà? Ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni ọjà. Owó bodè ni ìjọba Èkó fi ń jẹun, epo pupa àti èkùrọ́ tó ń bọ̀ láti òkè ló sì ń mú owó bodè wá. Bí ọ̀nà bá tì, àwọn oníṣòwò Èkó a ké, dúdú àti funfun. Èkejì ni àwọn òyìnbó yòókù. Faransé padà fìdí múlẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1883. Jámánì gba Tógò ní 1884. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1885, oníṣòwò ará Jámánì kan, Gaiser, gba ìwé ilẹ̀ ní Màhìn, létí òkun ní ẹ̀gbẹ́ Èkó gan-an. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń ṣèpàdé ní Berlin lórí bí wọn yóò ṣe máa gba Áfíríkà láìjà láàárín ara wọn. Lójijì, ogun tí Lọ́ńdọ̀nù ti ń sọ pé kò kan òun wá ń kàn án. Ẹ̀rù pé ẹlòmíràn lè lọ làjà náà ló lé e dìde. Ní Oṣù Kìíní 1886, wọ́n yọ Èkó kúrò lábẹ́ Gold Coast, Alfred Moloney sì di gómìnà rẹ̀.

Moloney rán Samuel Johnson àti Charles Phillips, àlùfáà tó wà ní Oǹdó, lọ sí bùdó. Ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì, ọmọ ìjọ ni wọ́n, wọ́n gbọ́ èdè méjèèjì. Ẹ wo bí ó ṣe rí: iṣẹ́ ìjọba àjèjì, ẹnu ọmọ onílé. Wọ́n ń lọ láti bùdó sí bùdó, wọ́n ń túmọ̀, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, ní ojú ọ̀nà tí wọ́n lè pa wọ́n sí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ní ọjọ́ kẹrin Oṣù Kẹfà 1886, ìwé àdéhùn náà parí. Àwọn ọba àti olóyè tí kò mọ̀wé sàmì sí i. Wọ́n fọwọ́ sí i, bí a ti ń wí títí dòní, tí a kì í sì í rántí mọ́ pé ọwọ́ gan-an ni wọ́n fi kàn án.

Ìbàdàn gbà pé Èkìtìparapọ̀ dòmìnira. Ìgbájọ, Ọ̀tan, Ìrèsì àti Àdá dúró sọ́dọ̀ Ìbàdàn, kí ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ kúrò. Wọ́n ní kí Mọ̀dákẹ́kẹ́ ṣí lọ sí ilẹ̀ tó wà láàárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọ̀bà. Gbogbo ìyẹn ni àwọn tó ń jà ń wò, torí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú tó sọ pé bí èdèkòyédè bá tún ṣẹlẹ̀ láàárín wọn, kí wọ́n gbé e wá síwájú gómìnà Èkó.

Ẹ jẹ́ kí n lo ìmọ̀ mi díẹ̀ níhìn-ín. Làjà, ìyẹn là àti ìjà: kí a la ìjà sí méjì bí ẹni la igi, kí apá kan lọ síhìn-ín, kí apá kejì lọ sọ́hùn-ún. Bí onílàjà bá ti là wọ́n tán, ilé rẹ̀ ló ń lọ. Èdè wa tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn, onídùúró, ẹni tó fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé ohun tí a sọ yóò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀: dúró. Ẹni yẹn kì í lọ. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá yẹ àdéhùn, òun ni wọ́n máa wá bá. Bí wọ́n bá sì ti ń wá bá a, ó gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n á ti rí i. Onílàjà ni àwọn ọba wa rò pé àwọn pè. Gbólóhùn kan yẹn nínú ìwé 1886 sọ ọ́ di onídùúró.

Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, gómìnà rán òyìnbó méjì, Henry Higgins àti Oliver Smith, pẹ̀lú àwọn sọ́jà Haúsá, láti wá rí i pé bùdó tú. Àwọn jagunjagun jáde, wọ́n sì fi iná sí bùdó tí àwọn ọmọ kan ò mọ ilé mìíràn yàtọ̀ sí i.

Mọ̀dákẹ́kẹ́ kò ṣí. Ìlọrin kò fọwọ́ sí nǹkan kan, ogun òun àti Ìbàdàn sì ń lọ ní ìhà Ọ̀ffà àti Ìkìrun. Nítorí náà, àlàáfíà tó ní onídùúró kò tíì pé, gbogbo àìpé rẹ̀ sì ń di ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé lọ sÉkòó. Ní 1888, Faransé kan tó ń jẹ́ Viard dé Abẹ́òkúta, ó bá àwọn Ẹ̀gbá kan ṣe àdéhùn, ó sì ṣèlérí ọ̀nà rélùwéè fún wọn. Àwọn Ẹ̀gbá ń lo Faransé láti fi dẹ́rù ba Gẹ̀ẹ́sì ni. Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rù lóòótọ́. Lọ́dún kan náà, ó gba ìwé lọ́wọ́ Aláàfin pé kò ní fi ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn láìjẹ́ pé òun gbà. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Yúróòpù, wọ́n fa ìlà. Abẹ́òkúta bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu àti Ṣakẹ́tẹ́ bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé. Ìlà yẹn ló ń da àwọn mọ̀lẹ́bí láàmú ní ẹnubodè Nàìjíríà àti Benin títí di òní.

Àwọn kan máa sọ fún mi pé, ‘Prófẹ́sọ̀, kí wọ́n pè é o, kí wọ́n má pè é o, òyìnbó ń bọ̀.’ Wọ́n á fi Ìjẹ̀bú ṣe àpẹẹrẹ. Ìjẹ̀bú kò pe ẹnikẹ́ni, wọ́n tì bodè wọn, wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Ní Oṣù Karùn-ún 1892, Gómìnà Carter fi ìbọn Maxim bá wọn jà ní Ìmàgbọn, ó sì borí. Òótọ́ ni, mi ò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Carter fi ṣe àwáwí: bodè títì, ọ̀nà òwò tí ogun àárín ara wa ti sọ di ohun ìjà láti 1877. Ẹni tí kò pè é pàápàá, ogun tí àwọn yòókù ń jà ló ṣí ọ̀nà sí i lára. Ìpè kọ́ ló mú òyìnbó wá, mo gbà. Ìpè ló sọ irú ẹni tó máa jẹ́ nígbà tó bá dé: ó wọ Ìjẹ̀bú bí ọ̀tá, ó wọ Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Iléṣà bí àlejò tí wọ́n fi ìwé pè. Ó sì ṣòro láti lé àlejò tó mú ìwé ìpè rẹ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn Ìmàgbọn, Carter rin gbogbo ilẹ̀ yìí já ní 1893. Ó bá Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn ní Oṣù Kìíní, ó bá Ọ̀yọ́ ṣe ní Oṣù Kejì. Òun ló mú kí Ìbàdàn kúrò ní Ìkìrun, tí ogun sì tán pátápátá. Ní Oṣù Kẹjọ, Ìbàdàn náà fọwọ́ sí tirẹ̀, Captain Bower sì wá bá wọn gbé pẹ̀lú àwọn sọ́jà.

Ní 1894, Bower mú Ògèdèǹgbé, olórí ogun Èkìtìparapọ̀, ẹni tí ìbọn láti Èkó gbé ró, ó sì lọ há a mọ́ Ìwó. Ní Oṣù Kọkànlá 1895, ó yìnbọn ńlá lu ìlú Ọ̀yọ́, ilé sì jó. Àríyànjiyàn lórí ẹni tó láṣẹ láti dájọ́ àti láti fìyà jẹ ènìyàn lágbègbè náà ló fà á. Ta ló wà lórí ìtẹ́ ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà? Adéyẹmí Kìíní ni. Aláàfin tó ní kí Johnson bá òun kọ̀wé ní 1881 kò kú, kò sì kúrò lórí oyè. Ó wà nílé nígbà tí onídùúró dé. Ó pẹ́ láyé títí di 1905.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ẹ dì mú ńkọ́? Nígbà tí Bower àti àwọn tó tẹ̀lé e dé, àwọn ènìyàn wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa fi pe irú òyìnbó bẹ́ẹ̀, ẹni tí ìjọba ọ̀nà jíjìn fi sí ìlú ẹni ẹlẹ́ni láti máa wò ó. Wọn ò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun, wọn ò sì yá ti Gẹ̀ẹ́sì. Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n pè é. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ilé wa ṣì ń pe D.O., wọn ò sì rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ̀yin tí ìdílé yín wá láti Ìgbájọ, Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìkìrun tàbí Òkè-Ìmẹ̀sí, bí orúkọ oko, odò tàbí àdúgbò kan bá wà lọ́dọ̀ yín tó ti inú ogun náà wá, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, ẹ jọ̀wọ́, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Mo ń kó wọn jọ.